Orin Tí Ẹ Ní Tèmi Ni

Bàbá mi ọ̀wọ́n, ẹni tí mo ń bá bínú,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo mọ̀ pé bí ẹ bá wà láyé, ẹ̀ bá ti bi mí pé irú ìkíni wo nìyẹn, pé ọmọ gidi kì í ti ẹnu ọ̀nà gbé ìjà wọlé. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti fi ìkíni dáadáa bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ya ìwé náà dànù. Bí mo bá ti fẹ́ kọ ọ́ pé kí ẹ máa sinmi, ọwọ́ mi á dúró, nítorí pé n kò fẹ́ kí ẹ sinmi. Kì í ṣe lọ́sẹ̀ yìí.

Ẹ jẹ́ kí n fún yín ní ìròyìn ilé ná, kó má dà bíi pé ìbínú nìkan ni mo gbé wá. Ilé wa ní Adìgbẹ ṣì dúró. Mo ti ní kí wọ́n tún òrùlé yàrá yín ṣe, kò jò mọ́. Ewúrẹ́ ìyá tó múlé tì wá ṣì ń wọlé wá jẹ ewé ẹ̀fọ́ tí ẹ gbìn, mo sì ti ṣíwọ́ lílé e, torí ẹ̀yin náà lé e títí ẹ fi lọ, kò gbọ́. Ara mi le. Mo sanra díẹ̀. Àwọn èèyàn ní mo ti wá jọ yín gan-an báyìí, pàápàá bí mo bá ń rẹ́rìn-ín. Tẹ́lẹ̀, inú mi máa ń dùn sí i.

Mo ṣì ń kọ́ àwọn ọmọdé lórin ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó wà ní ìsàlẹ̀ àdúgbò wa. Àǹtí Orin ni wọ́n ń pè mí, àwọn kékeré inú wọn sì rò pé orúkọ tí ẹ sọ mí nìyẹn. Bí ẹ ṣe kọ́ mi ni mo ṣe ń kọ́ wọn. Mo máa ń gbé ọwọ́ síbi ìdí fún dò, màá wá máa gbé e lọ sókè díẹ̀díẹ̀, rè, mí, títí ọwọ́ á fi kọjá orí. Àwọn kan ṣì wà tí wọ́n rò pé tí ọwọ́ bá ti lọ sókè, ariwo ló kàn. Wọ́n á lanu, iṣan ọrùn wọn á yọ, wọ́n á sì pariwo dò kan náà yẹn títí dé òkè. N kì í nà wọ́n. Mo máa ń gbá irin kékeré ẹlẹ́nu méjì tí a fi ń wá ohùn dò yẹn mọ́ orúnkún, bí ẹ ṣe máa ń ṣe, màá fi ìdí rẹ̀ kan ìgbọ̀nwọ́ ọmọ náà kí ohùn lè máa gbọ̀n nínú egungun rẹ̀. Ẹnu á yà á. Lẹ́yìn ìyẹn, á rọra kọrin.

Orin kan wà tí n kì í fi ṣeré. Ẹ mọ̀ ọ́n. Gbogbo ọdún, lọ́jọ́ tí àwọn ọmọ tuntun bá kọ́kọ́ wọlé, tí ìyá wọn bá fi wọ́n sílẹ̀ tí wọ́n bú sẹ́kún, òun ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀:

Má sunkún mọ́, ilé ò jìnnà,
Agogo á dún, ìyá á dé.
Ọ̀rẹ́ pọ̀ níbí, wá ká ṣeré,
Agogo á dún, ìyá á dé.

Orin mi ni. Bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe sọ fún mi. Mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ta nígbà tí Màámi gba iṣẹ́ sí ọ́fíìsì kan ní Èkó. Kí oòrùn tó yọ ni wọ́n ti ń lọ wọkọ̀ ní Kútọ̀, ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń dé. Ẹ ní mo máa ń sunkún títí ohùn mi á fi há. Ẹ ní lọ́jọ́ kan ẹ gbé mi lé èjìká, ẹ ń rìn yí pálọ̀ ká, ni orin náà bá já bọ́ sí yín lẹ́nu, àti pé kí ẹ tó sọ̀ mí kalẹ̀, ó ti pé.

Lẹ́yìn ìlà àkọ́kọ́, àlàfo kan wà níbẹ̀ tó gùn tó àtẹ́wọ́ méjì. Kò sí ọ̀rọ̀ níbẹ̀, kò sí ohùn. Ọmọ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ orin náà máa ń sáré kọjá níbẹ̀ ni, a ó sì ní kó padà. Mo bi yín nígbà kan pé kí ni ibẹ̀ yẹn wà fún. Ẹ di ojú, ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ ní ibẹ̀ ni ọkọ̀ ti ń dúró ní Kútọ̀ tí Màámi ń sọ̀ kalẹ̀. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti dé àlàfo yẹn, mo máa ń rí ẹsẹ̀ Màámi tó ń kan ilẹ̀, nínú bàtà dúdú wọn tó ti jẹ ní gìgísẹ̀. Mo ti sọ ìtàn yẹn fún gbogbo ọmọ tí mo kọ́. Mo sọ ọ́ níbi ìsìnkú yín. Mo ní kí wọ́n gbẹ́ ìlà àkọ́kọ́ orin náà sára òkúta ibojì yín, pẹ̀lú dò-rè-mí rẹ̀ lókè, orúkọ yín sì wà lábẹ́ rẹ̀.

Lọ́dún yìí, ilé-ẹ̀kọ́ wa kọ́ yàrá kan fún orin. Yàrá kékeré ni, fèrèsé rẹ̀ méjì, ṣùgbọ́n a ò tún ní máa kọrin lábẹ́ igi mọ́. Èmi ni mo lọ bá ọ̀gá wa pé orúkọ yín ni kí wọ́n fi pe yàrá náà. Mo ní kò sí ilé-ẹ̀kọ́ kan ní gbogbo ilẹ̀ Ẹ̀gbá tí kò tíì kọ orin yín rí. Mo bẹ̀ wọ́n títí wọ́n fi gbà. Ẹni tó ń kọ pátákó ti fi ọ̀dà búlúù kọ orúkọ yín gàdàgbà, a sì gbé e ti ògiri ọ́fíìsì de ọjọ́ ayẹyẹ ìparí sáà. Bí mo bá ń kọjá, màá ya wọ ibẹ̀, màá wò ó.

Ọ̀sán ọjọ́ kan, tí agogo ìparí iṣẹ́ kù díẹ̀ kó dún, à ń kọ orin náà lọ́wọ́ ni mo rí ìyá àgbàlagbà kan tó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ìborùn funfun lórí. Alhaja Rábì ni, ìyá bàbá Fàrídà, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tí mo ń kọ́ ní kíláàsì kejì. Ìlọrin ni wọ́n bá ọkọ gbé láti ọjọ́ pípẹ́. Ìgbà tí ọkọ wọn kú ni wọ́n padà sí ilé bàbá wọn ní Kẹ́mta, ọjọ́ yẹn ni wọ́n sì kọ́kọ́ wá mú ọmọ nílé-ẹ̀kọ́ wa. Wọn ò wọlé. Wọ́n dúró síbẹ̀ títí orin fi parí, wọ́n wá ní, “Ẹ ń sáré kọ ọ́ jù.”

Mo rẹ́rìn-ín. Mo rò pé ọ̀rọ̀ àgbà ni. Wọ́n bi mí pé ta ló kọ́ mi lórin náà. Ẹ̀ bá rí mi, Bàbá, bí mo ṣe nà tàntàn. Mo ní bàbá mi ló kọ ọ́, mo dárúkọ yín, mo tún fi kún un pé èmi gan-an ló kọ ọ́ fún.

“Ìwọ lọmọ tíṣà,” ni wọ́n wí. “Wá kí mi ní Kẹ́mta, ọmọ mi. Má jẹ̀ẹ́ kó pẹ́.”

Mo lọ ní ọjọ́ Sátidé. Mo ra búrẹ́dì dání. Ẹ mọ ohun tí mo rò? Mo rò pé wọ́n fẹ́ sọ ìtàn yín fún mi ni. Ó ti tó ọdún méjì tí ẹ ti lọ, n kò sì rí ẹni tó mọ̀ yín nígbà tí ẹ wà lọ́mọdé tíṣà. Orí ọ̀kadà ni mo ti ń to ìbéèrè jọ.

Inú ilé bàbá wọn ni wọ́n wà, ilé alájà méjì tí ṣọ́ọ̀bù aṣọ wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Àwọn ọmọ ìyá wọn ṣì ń ta aṣọ níbẹ̀. Wọ́n ní kí n jókòó lórí ẹní pẹ̀lú wọn. Wọ́n gba búrẹ́dì, wọ́n ṣàdúrà fún mi, wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ láìfi òwe kankan ṣíwájú. Wọ́n ní àwọn pẹ̀lú yín jọ ṣiṣẹ́ tíṣà ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ kan náà, kí wọ́n tó bí mi. Ẹ̀yin ń kọ́ gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ lórin, àwọn ń tọ́jú àwọn ọmọ kíláàsì kìíní. Wọ́n ní àwọn ni àwọn kọ Má sunkún mọ́.

Mo sọ fún wọn pé rárá. Mo sọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ṣùgbọ́n mo sọ ọ́. Mo ka ìtàn èjìká, mo ka ìtàn pálọ̀. Wọ́n gbọ́ mi tán, wọ́n wá bi mí ní ìbéèrè kan ṣoṣo.

“Àlàfo tó wà lẹ́yìn ìlà àkọ́kọ́ ńkọ́? Kí ni wọ́n ní ó wà fún?”

Mo sọ ti Kútọ̀ fún wọn. Mo sọ ti ọkọ̀ tó dúró, mo sọ ti bàtà dúdú. Ojú mi ti ń kún fún omi bí mo ṣe ń sọ ọ́. Alhaja sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe ẹ̀rín ẹ̀sín, Bàbá. Ẹ̀rín ẹni tó rí ohun rẹ̀ tó sọnù ni.

“Imú ni,” ni wọ́n wí. “Imú ni wọ́n ń nu níbẹ̀.”

Ẹ rántí pé nígbà yẹn, gbogbo ọmọ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, ìyá rẹ̀ á fi pínnì gbé ańkáṣíìfù sí i láyà. Alhaja ní bí ọmọ ogójì bá sunkún pa pọ̀, ikun imú ni gbogbo rẹ̀ á dà. Bí èèyàn bá sì ní kí wọ́n dákẹ́ kí wọ́n nu imú, ẹkún ni wọn á tún bú sí. Ni Alhaja bá ṣe orin kan tí ó ní àyè nínú. Àwọn ọmọ á kọ ìlà kan, gbogbo wọn á gbé ańkáṣíìfù lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n á nù ún, wọ́n á sọ ọ́ sílẹ̀, orin á máa lọ. Àtẹ́wọ́ méjì ni ọmọdé fi ń nu imú. Alhaja fi ọwọ́ ara wọn ṣe é fún mi níbi tí wọ́n jókòó sí. Wọ́n kọ ìlà àkọ́kọ́ náà pẹ̀lú ohùn wọn tó ti gbó, wọ́n fi etí ìborùn nu imú, wọ́n gbé ìlà kejì. Ó bọ́ sí i géérégé. Mo ti ń kọ orin yẹn láti kékeré, n kò gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀ rí.

N kò lè jiyàn mọ́. Ẹni tó kọ nǹkan ló ń mọ ìdí tí ihò fi wà lára rẹ̀.

Mo wá bi wọ́n pé báwo ló ṣe di tiyín. Wọ́n ní ẹ ò jí i lọ́jọ́ náà, pé àánú lẹ fi bẹ̀rẹ̀. Bàbá wọn, Alhaji oníṣòwò aṣọ, fẹ́rẹ̀ẹ́ má fẹ́ kí ọmọ òun máa kọ́ni nílé-ẹ̀kọ́ ìjọ rárá. Bó bá wá gbọ́ pé ó tún ń ṣe orin níbẹ̀, ilé ni ì bá fà á padà sí. Nígbà tí ìnsípẹ́tọ̀ wá gba orin ọmọdé lọ́wọ́ àwọn tíṣà, pé kí wọ́n lè máa kọ ọ́ káàkiri, ẹ̀yin lẹ ní kí Alhaja jẹ́ kí ẹ fi orúkọ yín bá wọn bò ó títí ọ̀rọ̀ á fi rọlẹ̀. Alhaja gbà. Wọ́n ní àwọn tilẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ yín, pé àwọn pè yín ní arákùnrin.

Orin náà wá rìn jìnnà. Wọ́n ń yìn yín káàkiri. Alhaji kú, ọ̀rọ̀ rọlẹ̀, Alhaja wá láti gba orúkọ wọn padà. Ẹ ní sáà tó ń bọ̀. Nígbà tí sáà náà dé, ẹ ní ìnsípẹ́tọ̀ tuntun ò tíì mọ̀ yín dáadáa. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé yín lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn, ẹ ò sì dáhùn lẹ́tà wọn mọ́. Nígbà tí ọkọ wọn ń kó wọn lọ sí Ìlọrin, wọ́n ní kí àwọn wá yín délé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí wọ́n tó lọ.

“Ìwọ lo ṣílẹ̀kùn,” ni Alhaja wí fún mi.

Bàbá, mo rántí. Mo ti rò pé mo gbàgbé, ṣùgbọ́n kíá ló padà. Mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Obìnrin kan kan ilẹ̀kùn, oyún wà nínú rẹ̀, ó gbé báàgì lọ́wọ́. Inú yàrá lẹ wà. Mo wá jẹ́ iṣẹ́ fún yín pé ẹnìkan tó ń jẹ́ Àǹtí Rábì ń béèrè yín. Ẹ ò dìde. Ẹ fi ìka lé ètè, ẹ ní kí n lọ sọ pé ẹ ò sí nílé, pé ẹ lọ sí Èkó. Mo sì lọ sọ ọ́. Mo sọ ọ́ dáadáa, nítorí pé mo fẹ́ kí inú yín dùn sí mi. Mo tilẹ̀ fi tèmi kún un pé ẹ ò ní dé lọ́jọ́ náà. Obìnrin náà wo bàtà yín tó wà lẹ́nu ọ̀nà, ó wo ojú mi, ó ní, “Ó dáa, ọmọ dáadáa,” ó sì lọ. Nígbà tí mo padà sí yàrá, ẹ pọ́n mi lé. Ẹ gbá irin ẹlẹ́nu méjì yẹn mọ́ orúnkún, ẹ fi kan ìgbọ̀nwọ́ mi.

Ẹ fi ẹnu mi lé e lọ. Gbogbo èyí tó kù, bóyá mo lè rí ọ̀nà kan gbà yẹ̀ ẹ́ sí, pé ẹ̀rù ń bà yín, pé ìyìn dùn, pé èèyàn ni yín. Ṣùgbọ́n ẹnu ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, Bàbá? Ẹnu tí ẹ ń kọ́ lórin?

Alhaja kò bú yín. Wọ́n kàn ní, “Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé.” Mo bi wọ́n pé kí ni wọ́n fẹ́ kí n ṣe. Mo sọ fún wọn nípa yàrá orin, mo ní bóyá orúkọ wọn ni ká kọ síbẹ̀. Wọ́n mi orí. Wọn ò fẹ́ pátákó, wọn ò fẹ́ kí wọ́n pe àwọn jáde láàárín èrò. Wọ́n ní àwọn ọmọ ni àwọn kọ ọ́ fún, kí n sọ ọ́ lójú àwọn ọmọ, ó tán.

Mo délé, mo ṣí àpótí yín. N kò ṣí i láti ọjọ́ tí a ti sin yín. Mo ń wá ohun tí n óò fi gbè yín lẹ́yìn, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ rí i pé ọwọ́ yín ló kọ orin náà, kí n lè padà sí Kẹ́mta lọ sọ fún ìyá àgbà náà pé ọjọ́ ti pẹ́, wọ́n ti gbàgbé. Ìwé orin yín wà nísàlẹ̀, èyí tí ẹ máa ń sọ pé n óò rí nígbà tí mo bá tó. Orin mọ́kànlá ló wà níbẹ̀ tó jẹ́ tiyín, pẹ̀lú ìkọ̀wé yín tó máa ń tẹ̀ sẹ́yìn. Mo kọ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sókè. Wọ́n dára. Èyí tí ẹ kọ nípa òjò, tí ohùn rẹ̀ ń kán tótótó, mo rò pé ó dára ju tèmi lọ. Kí ló dé tí mọ́kànlá ò tó yín?

Ojú ìwé kejìlá, wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn ni. Ìkọ̀wé ẹlòmíràn ni. Ó kọ ọ́ sókè rẹ̀ pé, fún àwọn ọmọ kíláàsì kìíní, ọjọ́ àkọ́kọ́. Orúkọ yín wà nísàlẹ̀ pẹ̀lú yíǹkì mìíràn. Mo ṣì ń tan ara mi jẹ. Mo ní bóyá ẹ bá wọn kọ díẹ̀ níbẹ̀, bóyá ẹ ò tiẹ̀ mọ ohun tí àlàfo yẹn jẹ́, tí ẹ fi tọkàntọkàn rí Màámi níbẹ̀. Mo gbé ìwé náà sún mọ́ fèrèsé. Lórí àlàfo náà gan-an, pẹ́ńsùlù ni wọ́n fi kọ ọ̀rọ̀ kékeré kan. Imú.

Ẹ ti rí i. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá ṣí ìwé yẹn, ẹ ń rí i. Ẹ mọ̀ pé imú ni, ẹ wá wo ojú mi, ẹ fún mi ní Kútọ̀. Ẹ fún mi ní ìyá mi. Ta ló bi yín? Ọmọdé ni mo jẹ́, ẹ lè sọ pé ẹ ò mọ̀, n óò lọ ṣeré. Ṣé Màámi mọ̀? Ẹ ti jọ wà lọ́run báyìí, ó yẹ kí ẹnìkan bi wọ́n. Àbí ẹ ti sọ ìtàn náà pẹ́ débi pé ẹ̀yin náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á gbọ́? Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ yàrá yín, mo sunkún, imú mi sì ń ṣàn bí ti ọmọ kíláàsì kìíní. Mo fi aṣọ nù ún. Mo ka àtẹ́wọ́ rẹ̀ láìmọ̀. Méjì ni.

Ní ọjọ́ Ajé, mo lọ bá ọ̀gá wa pé kí wọ́n má gbé pátákó yẹn kọ́ mọ́. Wọ́n ní, “Àǹtí, káàdì ìpè ti jáde. Ẹni tó kú ti kú. Ta ló sọ pé kí ẹ lọ hú u?” Wọ́n ní kí n ro ojú tí àwọn òbí á fi máa wò mí. Mo ti rò ó. Mo mọ̀ pé orúkọ yín ni mo fi ń rìn ní ìlú yìí, pé nítorí pé mo jẹ́ ọmọ yín ni wọ́n ṣe gbà mí síṣẹ́. Ṣùgbọ́n mo ní bí wọ́n bá gbé e kọ́, kí wọ́n wá ẹni tí yóò darí orin lọ́jọ́ náà. Wọ́n bínú sí mi. Títí di òní, wọ́n kàn ń dáhùn ìkíni mi ni. Ṣùgbọ́n wọ́n ti dojú pátákó náà kọ ògiri, ohun tí a sì ń pe yàrá náà kò ju yàrá orin lọ.

Ti òkúta ibojì yín, n kò tíì mọ ohun tí n óò ṣe sí i. Mo lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè, mo dúró, n kò lè kí yín. Mo gé koríko, mo bá tèmi lọ.

Àná ni Alhaja wá. Fàrídà ló fà wọ́n lọ́wọ́ wọlé. A fún wọn ní àga, àga àwọn ọmọ ni, nítorí kò sí òmíràn níbẹ̀. Mo ní kí kíláàsì jókòó. Mo sọ fún wọn pé orin tí mo máa ń ní bàbá mi ló kọ, kì í ṣe bàbá mi. Ìyá àgbà Fàrídà ló kọ ọ́. Mo sọ ìdí tí àlàfo fi wà níbẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ imú títí, àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í nu imú tí kò sí nǹkan nínú rẹ̀. Ó yẹ kí ibẹ̀ yẹn ti tán.

Ìtùnú ló nawọ́ sókè, ọmọbìnrin tó máa ń jókòó níwájú, tí ehín iwájú rẹ̀ méjèèjì ti ká.

“Àǹtí, ṣé bàbá yín jí i ni?”

Mo wo Alhaja, ilẹ̀ ni wọ́n ń wò. Mo wá gbogbo ọ̀rọ̀ rírọ̀ tí ẹ kọ́ mi, n kò rí ọ̀kan mú.

“Bẹ́ẹ̀ ni,” mo ní. “Wọ́n jí i.”

Ìtùnú ronú sí i. Ìwọ̀nba ìgbà díẹ̀ sẹ́yìn ni ó mú rọ́bà ẹnìkejì rẹ̀, tí mo ní kí ó kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Òfin kíláàsì wa ni, ẹni tó bá mú ohun ẹlòmíràn, á dá a padà, á sì kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́ lójú gbogbo wa.

“Ṣé wọ́n ti bẹ Gíránmà?”

Mo ní rárá. Mo ní wọ́n ti kú. Ó wò mí bí ẹni tí kò tíì rí ohun tí ikú ní í ṣe pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí òun ń sọ.

Mo kúnlẹ̀, Bàbá. Lójú àwọn ọmọ ogójì, pẹ̀lú ẹfun ìkọ̀wé lọ́wọ́ mi, mo kúnlẹ̀ síwájú àga kékeré yẹn. Alhaja sáré nawọ́ sí mi pé kí n dìde, pé èmi kọ́ ni mo jẹ wọ́n ní ẹ̀bẹ̀. Mo ní èmi náà jẹ wọ́n. Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ má bínú. Wọ́n wà nílé lọ́jọ́ náà. Inú yàrá ni wọ́n wà.” Alhaja gbá orí mi mọ́ra, wọ́n ní àwọn ti mọ̀, àwọn rí bàtà. Wọ́n ní àwọn ti dárí ji ọmọ náà kí ó tó ti ilẹ̀kùn.

Ọmọ náà ni wọ́n wí. Mo dúró de kí wọ́n dárúkọ yín, wọn ò dárúkọ yín. N kò sì bá yín tọrọ rẹ̀. Mo fẹ́ ṣe é, ó ti dé ètè mi, ṣùgbọ́n n kò gbọdọ̀ tún fi ẹnu mi ṣe iṣẹ́ tiyín mọ́. Èyí tó jẹ́ tèmi ni mo bẹ̀. Tiyín ṣì wà nílẹ̀ níwájú àga yẹn, Bàbá, n kò sì mọ bí ẹ ó ṣe dé ibẹ̀.

Èmi tí mo fẹ́ràn yín títí ó fi ń dùn mí,
Ọmọ yín.